Sípíríǹgì tuntun nínú ṣọ́ọ̀kì iwájú máṣíìnì mi, àti àwọn tó bá mi fi sí i ní Ìkòròdú

Mo fa bíréèkì ọwọ́, kò mú. Mo tún fà á, ó kàn ń yọ̀ ṣáá. Tírélà ìrẹsì kan ló ṣàdédé yà sí mi níwájú ní Ìmọ̀ta, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Bíréèkì ẹsẹ̀ ni mo tẹ̀, mo sì darí máṣíìnì sínú iyanrìn ẹ̀gbẹ́ títì, ibẹ̀ ló dúró sí. Àwọn ìyá tó ń ta gààrí lẹ́bàá ọ̀nà sáré wá: "Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ṣé kò sí nǹkan?" Mo bẹ̀rẹ̀ wo táyà iwájú. Epo ń ṣàn láti inú ṣọ́ọ̀kì wá sórí irin tí bíréèkì máa ń gbá mú, gbogbo rẹ̀ ń dán. Ọjọ́ kẹta tí mo gbé e jáde lọ́dọ̀ àwọn tó tún ṣọ́ọ̀kì náà ṣe nìyẹn.

Ìgbógbó ni mò ń gbé, Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, cruiser 650, máṣíìnì ńlá tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 650cc, ni mò ń gùn lọ gùn bọ̀. Owó àjọ ọdún méjì ni mo fi rà á. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìtoìkín mọ ohun tí ojú mi ń rí. Cruiser kì í ṣe máṣíìnì téèyàn lè dìde dúró lórí ẹ̀ tí kòtò bá dé: ẹsẹ̀ wà níwájú, ìdí wà nísàlẹ̀, ohun tí iwájú ò bá ti gbé mì, ọwọ́ àti ìbàdí ẹni ló máa gbé e mì. Ṣọ́ọ̀kì tó bá a dé rọ̀ jù fún irú ọ̀nà yìí. Bí mo bá fọwọ́ kan bíréèkì, iwájú á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bí mo bá já sí gálọ́ọ̀pù, irin á gbá irin nísàlẹ̀, gbàgà! Mo so kébù táì mọ́ páìpù ṣọ́ọ̀kì kí n lè wọn bó ṣe ń wọlé tó: nínú sẹ̀ǹtímítà 14 tó lè rìn, ìjókòó mi nìkan ti jẹ 6.

Àbúrò mi ló bá mi ra sípíríǹgì wá láti Amẹ́ríkà, irú tí wọ́n ń pè ní progressive. Àwọn òrùka rẹ̀ sún mọ́ra lápá kan, wọ́n jìnnà síra lápá kejì. Apá tó sún mọ́ra ló ń gba gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n kéékèèké. Tí kòtò ńlá bá dé, apá yẹn á ti kó jọ tán, apá tó le á wá gba iṣẹ́ ṣe.

Ilé iṣẹ́ tí mo gbé e lọ kò jìnnà sí Sábó, mi ò ní dárúkọ wọn. Ọ̀gá ti lọ síbi ìsìnkú ní Ìjẹ̀bú, ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló gba iṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Àǹtí, ọkọ yín ò lè gbé e wá fúnra wọn ni?" Mo ní èmi ni mo ni ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba ₦40,000 lọ́wọ́ mi, kò bi mí ní ohun tó ń ṣe máṣíìnì náà rárá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gbé e. Kí n tó dé ilé, ọwọ́ mi ti kú. Iwájú ò rìn ju ìka mẹ́ta lọ, lẹ́yìn ìyẹn ó dà bí ẹni ń fi igi gbá mi lọ́rùn ọwọ́. Mo pè é lálẹ́. "Àǹtí, sípíríǹgì tuntun máa ń le. Ẹ máa gùn ún, á rọ̀." Mo tún pè lọ́jọ́ kejì. "Ẹ fún ọkọ yín ní fóònù, kí n ṣàlàyé fún wọn." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ọwọ́ tó ń ro mí lọ. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni tírélà yà.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo fi ọkọ̀ gbé máṣíìnì padà lọ, mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Ọ̀gá ló bá mi pàdé. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, kò já lu ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Màdáámú, ẹ má bínú. Ẹ jókòó síbí, ojú yín ni màá ti tú u." Ó fi gbogbo ara tẹ iwájú máṣíìnì, kò lọ. "Epo ti pọ̀ jù nínú ẹ̀." Kò tíì mú sípánà o.

Ó pe ọmọṣẹ́. "Báwo lo ṣe wọn epo?" Ó ní òun fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ wọ̀n ọ́n láti ẹnu páìpù, bí ìwé ṣe wí. "Páìpù nà ni, àbí o ti tì í wọlé?" Ọmọ náà dákẹ́.

Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Kéèyàn tó wọn epo ṣọ́ọ̀kì, ó gbọ́dọ̀ yọ sípíríǹgì, kó sì ti páìpù wọlé títí kò fi ní lọ mọ́. Ìgbà tó ṣì nà lọmọ yìí wọ̀n ọ́n. Epo wá kún débi pé kò sí àyè fún afẹ́fẹ́ lókè. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, epo ò ṣeé fún pọ̀. Ibi tí epo rí ọ̀nà gbà ni ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tó ń sé epo mọ́ inú ṣọ́ọ̀kì, ló bá bẹ́.

Ọmọ náà tún ti gé páìpù àwọn púlọ́ḿbà gígùn kan lé sípíríǹgì lórí, ó rò pé ìyẹn ló máa mú un le. Ọ̀gá fi hàn án pé páìpù yẹn kò sọ sípíríǹgì di líle, ó kàn ń gbé máṣíìnì ga sí i ni. Ó gé sẹ̀ǹtímítà 2 kúrò. Ó wá kọjú sí mi: "Ṣé bó ṣe ń dọ̀bálẹ̀ ló ń dà yín láàmú, àbí bó ṣe ń gbá yín lọ́wọ́?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo ní méjèèjì. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, òun ò ní lo epo tó nípọn ju 10W lọ (nọ́ńbà tó wà lára ike epo, tó ń sọ bó ṣe nípọn tó), torí ihò tí epo ń gbà kọjá nínú ṣọ́ọ̀kì yìí kì í fẹ̀ sí i. Epo tó nípọn á dènà ìdọ̀bálẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kòtò tí ẹnu rẹ̀ gé ṣánṣán á máa gbá mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọn epo lápá ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀mẹta lápá òsì. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta kó tó parí.

Kò gba owó iṣẹ́, kò gba owó síìlì. Ọmọṣẹ́ dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì. Àmọ́ wọ́n gba ₦18,000 fún páàdì bíréèkì! Epo tiwọn ló bà á jẹ́, páàdì tó bá sì ti mu epo, jíjù ni. Mo san án torí pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Inú ṣì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́ Ajé, mo gba ọ̀nà kan náà. Ìjókòó mi nìkan, kébù táì fi sẹ̀ǹtímítà 4.5 hàn dípò 6. Mo fa bíréèkì: iwájú tẹrí ba díẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀ mọ́. Níbi tí ọ̀dà ti ṣí tí òkúta wẹ́wẹ́ yọrí, mo ń gbọ́ òkúta lábẹ́ táyà, ọwọ́ mi ò gbọ́. Gálọ́ọ̀pù tí mo máa ń bẹ̀rù ṣáájú Ìtoìkín, mo já sí i, mo ń retí gbàgà, n kò gbọ́ ọ. Mo kígbe nínú àṣíborí! Iwájú ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ó ń lọ́ra díẹ̀ láti yà, mo ní láti fi ọwọ́ tì í. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ni mo wá ń gbọ́ ìyà rẹ̀ báyìí. Mo dé Ẹ̀pẹ́, mo bu omi mu, ife ò gbọ̀n lọ́wọ́ mi.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún ilé iṣẹ́ náà. Lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá yẹn náà ni màá gbé ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn lọ, ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ pè, kí n rí i dájú pé òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀.