Ìwé ọ̀fẹ́ lórí owó àti ìdùnnú: àyẹ̀wò Project Gutenberg, àti èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kà níbẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn àgbà òǹkọ̀wé rí sí ọ̀rọ̀ owó àti ìdùnnú kò ní láti ná kọ́bọ̀. Project Gutenberg, ilé ìkówèésí orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Michael Hart dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1971, ti kó irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jọ lọ́pọ̀ yanturu. Ẹ kò ní forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó gba ìwé, ẹ kò sì ní san ohunkóhun. Àléébù kan tó ní ni pé kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ kà. Bí àwọn òǹkàwé ṣe ń kó ogún ìwé sórí fóònù nìyẹn láì ka ẹyọ kan tán. Mẹ́ta la yàn síbí, ọ̀kan nínú wọn la ó sì dúró lé lórí jù, torí òun ló wo ọ̀rọ̀ náà dé ìdí.

Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé náà bó ṣe yẹ. Nọ́ńbà ni gbogbo ìwé ibẹ̀ ń jẹ́. 550 ni ti Silas Marner, ìwé tí a ó dúró lé lórí jù, nítorí náà gutenberg.org/ebooks/550 máa gbé yín débẹ̀ tààrà. Oríṣiríṣi fáìlì lẹ máa rí lójú ewé náà. EPUB, irú fáìlì ìwé tó ń bá ìwọ̀n ojú fóònù mu, ni kí ẹ mú, èyí tí kò ní àwòrán tí dátà bá wọ́n yín, torí kò tó mẹ́gábáìtì kan. Ẹ má mú Plain Text láti kà lórí fóònù: wọ́n ti gé ìlà rẹ̀ sí ìwọ̀n kan náà, bó bá wá bọ́ sójú fóònù tó tẹ́ẹ́rẹ́, ìlà kọ̀ọ̀kan á tún gé sí méjì, kíkà rẹ̀ á sì máa ta kókó. Kíkà lórí ìkànnì náà dára, àmọ́ bí nẹ́tíwọ́kì bá lọ, ìwé náà lọ. Tí fóònù Android bá sọ pé òun kò lè ṣí EPUB, fáìlì náà kò bàjẹ́, áàpù ìkàwé ni kò sí lórí fóònù. Google Play Books tó fún iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ rántí pé EPUB kò ní nọ́ńbà ojú ewé tó dúró sójú kan. Orí ìwé ni kí ẹ máa tọ́ka sí.

Silas Marner, tí George Eliot tẹ̀ jáde lọ́dún 1861, ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ahunṣọ ni Silas. Nígbà tó ń gbé ìgboro, ọ̀pọ̀ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bá ìjọ àti ìtọrẹ àánú lọ. Ìjọ yẹn kan náà, Lantern Yard, ló pè é lólè. Wọ́n ṣẹ́ kèké, kèké mú un, ó sì kó lọ sí abúlé Raveloe. Gínì wúrà 5 tó gbà níbẹ̀ lórí aṣọ tó hun fún Ìyáàfin Osgood ni owó àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní ìpín nínú rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ ka ibẹ̀ ní orí 2. Owó tí kò ríbi lọ bẹ̀rẹ̀ sí í di ọ̀gá ẹni tó ni ín. Fún ọdún 15, alaalẹ́ ló ń ti ilẹ̀kùn, tó ń hú àpò awọ jáde lábẹ́ bíríkì ilẹ̀ ilé, tó ń da wúrà sílẹ̀, tó ń kà á. Inú rẹ̀ sì ń dùn ní tòótọ́! Eliot kò parọ́ mọ́ ahun pé kì í láyọ̀. Ohun tó fi hàn wá ni bí ayọ̀ náà ṣe ń fún ayé ọkùnrin yìí pọ̀, títí ó fi ku híhun aṣọ àti kíka owó nìkan.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Dunstan Cass, ọmọ olówó ilẹ̀ abúlé náà, jí gbogbo rẹ̀ kó: pọ́n-ùn 272, ṣílè 12 àti sísì. Ní orí 7, Silas ka iye yẹn ketekete fún àwọn tó bá nílé ọtí Rainbow. Ẹni tí kò mọ orúkọ ọ̀pọ̀ aládùúgbò rẹ̀ mọ owó rẹ̀ dórí sísì. Nígbà tó yá, lálẹ́ tí ọdún ń parí lọ, ọmọbìnrin kékeré kan tí ìyá rẹ̀ kú sínú yìnyín rìn wọ ilé rẹ̀. Ojú Silas kò ríran jìnnà. Ó rí irun tó ń dán níwájú iná, ó rò pé wúrà òun ló padà dé, ó nawọ́ sí i, irun ọmọ ló bà. Ó sì tọ́ ọ dàgbà.

Ohun tó mú ìwé yìí borí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní orí 18 àti 19. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló máa gba owó lọ́wọ́ olówó, wọn á sì dánu dúró síbẹ̀. Eliot dá a padà. Lẹ́yìn ọdún 16, omi fà nínú kòtò ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta, wọ́n rí egungun Dunstan àti owó náà. Silas tò ó sórí tábìlì, ó wò ó, ó sì rí i pé kò dì òun mú mọ́. Ó ní ńṣe ni wọ́n bá òun tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí Eppie, ọmọ náà, máa nílò rẹ̀. Owó kan náà ni, ibi tó ń lọ ló yàtọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Godfrey Cass, bàbá tó bí Eppie ní ìkọ̀kọ̀, wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Nancy láti mú un lọ sínú ọlá. Eppie kọ̀. Ẹ kíyè sí i pé Godfrey kò di òtòṣì. Ilé, ilẹ̀ àti aya rere rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò ní ni èyí tó sẹ́ nígbà tí gbígbà rẹ̀ ìbá ná an ní nǹkan.

Orí 6 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa ìwé yìí tì. Ọ̀rọ̀ ilé ọtí ni látòkè délẹ̀, àríyànjiyàn lórí màlúù àti ìgbéyàwó àtijọ́, Gẹ̀ẹ́sì abúlé tí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ẹ sáré kà á, ẹ kọjá sí orí 7, ẹ lè padà síbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti mọ àwọn èèyàn inú rẹ̀. Àmọ́ ẹ má fo orí 14, níbi tí Silas ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ.

Ìjókòó kan ló tó fún ìtàn Tolstoy, How Much Land Does a Man Need?, ti ọdún 1886. Inú àkójọ What Men Live By, and Other Tales lẹ ti máa rí i. Pahom, àgbẹ̀ ará Rọ́ṣíà, máa san ruble 1,000, gbogbo ilẹ̀ tó bá sì fẹsẹ̀ yí ká, tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, di tirẹ̀. Àkókò tó yẹ kó yà kó padà ló rí ilẹ̀ ọlọ́rinrin kan tó dára fún oko, ó sì ní kò yẹ kí òun fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti pẹ́ jù. Sàtánì tó lúgọ sẹ́yìn ààrò ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà mú kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ rọrùn ju bó ṣe yẹ lọ, lójú tiwa, ṣùgbọ́n ìṣirò ìrìn náà kò láfiwé.

Ti Maupassant, The Diamond Necklace, ti ọdún 1884, wà nínú àkójọ ìtàn kéékèèké rẹ̀ tó jẹ́ ìdìpọ̀ 13, ìdìpọ̀ 4 ló wà. Àwọn olùkọ́ sábà máa ń fi kọ́ ọmọ pé kó ní ìtẹ́lọ́rùn. Ẹ wo owó inú rẹ̀ dáadáa. Obìnrin kan yá ẹ̀gbà ọrùn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ nù. Franc 36,000 ni èyí tí òun àti ọkọ rẹ̀ rà dípò rẹ̀. 18,000 ti wà lọ́wọ́ ọkọ, ogún bàbá rẹ̀. Obìnrin tó ń sunkún òṣì ní ìdajì owó náà nílé! Ẹ̀gbà tó sọ nù kò sì ju franc 500 lọ, ayédèrú ni. Ọdún 10 ni wọ́n fi san gbèsè tí ìbéèrè kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ìbá ti gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ojú yín bá ń rẹ̀ lórí fóònù, LibriVox, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2005, ní ẹ̀dà tí àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn kà sókè, orí kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì tirẹ̀. Ẹ yan èyí tí ẹnì kan ṣoṣo kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí ohùn àti ariwo ẹ̀yìn máa ń yí padà níbi tí òǹkàwé bá ti pọ̀. Àmọ́ ẹni tó ń ka Silas Marner fún ìdánwò gbọ́dọ̀ wá ẹ̀dà títẹ̀ tó ní àlàyé nísàlẹ̀ ojú ewé, nítorí Gutenberg kò ṣàlàyé ohunkóhun: kò ní sọ irú ìjọ tí Lantern Yard jẹ́, tàbí iye ṣílè tó wà nínú gínì kan, 21 sì ni.