HMO (ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ìlera) àbí owó àpò: èwo lẹ fẹ́ fi ṣàyẹ̀wò ara?

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, owó àpò yìí ò kí í jẹ́ ká tètè yẹ ara wò o. Ìyá tó ń ta iṣu l'Ọ́jà Ọba á ní tọ́jà bá tà lòun á lọ yẹ BP wò, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo kó tó dé. HMO lèmi fara mọ́, torí oṣooṣù ni ọ̀pọ̀ HMO ń san iye kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín fún ọsibítù tẹ́ ẹ yàn, ẹ lọ o, ẹ ò lọ o, ìyẹn ni pé ẹ lè tètè lọ yẹ ara wò, tára yín bá sì le, ọsibítù gan-an jèrè. Àmọ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó, pláànù míì ò ní àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọmú nínú rárá! Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, ọ̀fẹ́ ni ní health centre ìjọba.