Ìwé Àlòkù Kan Nípa Rosalynn Carter, Láti Ìsọ̀ Kan Ní Yábàá

Ìsọ̀ ìwé àlòkù kan ní Yábàá ni mo ti ra ìwé ìtàn ìgbésí ayé Rosalynn Carter, aya ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí tó di olóògbé ní 2023. Ẹ̀yìn ìwé náà ti ń ṣí, epo àkàrà sì ti ta sí ojú ewé mélòó kan. Apá ti ẹbí ló dùn jù: ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí òun àkọ́bí sì ń ran ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ lọ́wọ́, kó tó fẹ́ Jimmy Carter, tó padà di ààrẹ, ní 1946, tí wọ́n sì bí ọmọ mẹ́rin. Ó dùn mí pé wọ́n sáré kọjá lórí sòbìà, aràn tó máa ń yọ jáde láti ẹsẹ̀ èèyàn (ẹ bi àwọn àgbà Ìbàràpá tó dà láàmú rí léèrè), tí Carter Center, àjọ tí tọkọtaya náà dá sílẹ̀ ní 1982 bá wa gbógun tì. Onísọ̀ náà gbà kí n jókòó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí n tó sanwó.