Táńkì Iyùn Àkọ́kọ́ Mi: Oṣù Mẹ́jọ Pẹ̀lú Omi Òkun Nínú Yàrá

Ìyá mi ní ìlẹ̀kẹ̀ iyùn kan tó máa ń fi sọ́rùn bí òde bá délẹ̀, láti kékeré ni mo sì ti rò pé òkúta ni. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé egungun ẹ̀dá ẹlẹ́mìí ni, pé Òkun Mẹditaréníà ni ọ̀pọ̀ iyùn pupa ti wá, pé àwọn Pọtogí wà lára àwọn tó kó o dé ọ̀dọ̀ wa. Etí òkun Badagry tí mo ti ṣeré lọ́mọdé kò ní àpáta iyùn. Ọjọ́ tí mo rí iyùn alààyè nínú ṣọ́ọ̀bù ẹja kan ní London níbí, tó ń na ọwọ́ kéékèèké tẹ́ẹ́rẹ́ sínú omi, mi ò lè ṣí ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Peckham ni mò ń gbé, àyè kò tó. Táńkì lítà 52 ni mo rà, irú èyí tí asẹ́, póǹpù àti iná ti bá a wá. Gíláàsì rẹ̀ dára, kò jò rí, póǹpù rẹ̀ kò sì pariwo. Iná rẹ̀ tó fún zoanthid, ìbátan iyùn tó rí bí òdòdó kéékèèké, àti iyùn tó rí bí olú, ṣùgbọ́n kò lè tọ́ àwọn iyùn oníwo líle tí ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ gidi. Omi kì í yí dáadáa nísàlẹ̀, ìdọ̀tí sì ń kó jọ sẹ́yìn òkúta títí mo fi ra póǹpù kékeré kejì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà: owó tí mo ná sórí àwọn nǹkan tó yí i ká ju owó táńkì fúnra rẹ̀ lọ.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ná ni ti ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi. Omi ẹ̀rọ London le, chloramine, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, sì wà nínú rẹ̀. Iyọ̀ tí mo ń lò ni Instant Ocean, nǹkan bíi gíráàmù 36 sí lítà kan, mo sì fẹ́ràn rẹ̀: ó ń yòrò kíá, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ korobá. Inú omi ni kí ẹ da iyọ̀ sí, ẹ má da omi lé iyọ̀ lórí, kí ẹ sì jẹ́ kí póǹpù pò ó di ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà, ìdúró. Ìgbẹ́ ẹja a máa di amóníà, amóníà a sì máa pa ẹja. Bakitéríà kan ló ń sọ ọ́ di nitrite, òmíràn sọ nitrite di nitrate tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, àwọn bakitéríà yìí kì í sì í dé lọ́jọ́ kan. Òkúta gbígbẹ ni mo lò, mo ń kán amóníà inú ìgò sí i, mo ń yẹ omi wò. Ọjọ́ kejìdínlógójì ni amóníà àti nitrite di òfo. Gbogbo ìgbà yẹn, kò sí ẹja kankan. Ohun aláwọ̀ kọfí kan bo iyanrìn, inú mi bàjẹ́, àmọ́ ó lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tó dùn mí jù lọ ni òṣùwọ̀n iyọ̀ oníke tí mo rà ní pọ́n-ùn díẹ̀, èyí tí ọwọ́ kékeré kan ń mì nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta, ó ń sọ fún mi pé 1.025 ni omi mi, ìyẹn ni pé ó wúwo ju omi lásán lọ díẹ̀, bó ṣe yẹ kí omi òkun rí. Mo ń wò ó pé àwọn zoanthid ti pa ẹnu dé, bí ìka tí èèyàn ká mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìgbín òkun mi méjì dojú sókè lórí iyanrìn. Mo gbé ọ̀kan lé ara gíláàsì, kò lè lẹ̀, ó tún já bọ́. Àwọn méjèèjì kú. Mo yá refractometer, ohun èlò tí ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn iyọ̀ inú omi, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan: iyọ̀ omi mi ti dé gíráàmù 39 nínú kílò omi kan dípò 35. Iyọ̀ gbígbẹ ló lẹ̀ mọ́ ọwọ́ òṣùwọ̀n yẹn tó wúwo, ó ń fi omi hàn bí èyí tí iyọ̀ rẹ̀ kéré, èmi sì ń fi kún un. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi bu omi iyọ̀ kúrò, tí mo ń fi omi àsẹ́ rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ ra refractometer. Ẹ kán omi kan ṣoṣo sí i, ẹ kọjú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí ìlà tó pín búlúù kúrò lára funfun. Omi àyẹ̀wò tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35 gan-an ni kí ẹ fi tún òṣùwọ̀n rẹ̀ tò, kì í ṣe omi lásán, torí omi iyọ̀ ọbẹ̀ ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú àwọn refractometer fún. Kí ẹ sì rántí pé omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Omi àsẹ́ tí kò níyọ̀ ni ẹ ó máa fi kún un.

Ẹni tó bá ní ọmọ nílé, ẹ gbọ́ èyí: májèlé líle tó ń jẹ́ palytoxin ń bẹ lára àwọn kan nínú zoanthid. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, ẹ má sì ṣe se òkúta wọn lórí iná láé.

Ẹja clownfish méjì ló wà nínú táńkì náà báyìí. Akọ ni gbogbo wọn ní kékeré, èyí tó bá jẹ gàba ló ń yí padà di abo, mo sì ti ń rí i pé ọ̀kan ti ń tóbi ju ìkejì lọ. Mi ò ní fi kún wọn, lítà 52 ò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti fi yíǹkì fa ìlà sára gíláàsì. Bí mo bá jí, mo máa ń bu omi bí ìdajì lítà títí yóò fi kan ìlà yẹn, kí iná tó tàn, nígbà tí àwọn iyùn ṣì wà ní pípadé.