Ṣílè Fàdákà àti Ṣílè Idẹ: Èwo Ni Kí Ẹ Náwó Lé?

Bí ẹ bá ń wá owó àtijọ́ rà ní Ìbàdàn, yálà lọ́wọ́ ìyá àgbà tó tú kóló rẹ̀ ni o, tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní Dùgbẹ̀, ṣílè méjì ni yóò máa bọ́ sí yín lọ́wọ́: ọ̀kan funfun, ọ̀kan pọ́n. Wọ́n jọra bí ìbejì. Orí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dé adé wà lójú kan, igi ọ̀pẹ wà lójú kejì. Owó tó yẹ kí ẹ san lé wọn lórí ni kò jọra rárá.

Funfun ni ti 1913 sí 1920. Fàdákà gidi ni, ìdá 925 nínú 1000. Ṣílè kan wọn gíráàmù 5.65, ẹyọ owó kan tó jẹ́ ṣílè méjì wọn 11.31. Ní 1920 ni wọ́n yí i sí idẹ. Nítorí náà, bí funfun bá tiẹ̀ ti họ tán, fàdákà inú rẹ̀ ṣì ń pa owó. Ti idẹ kò rí bẹ́ẹ̀: ojú rẹ̀ nìkan lẹ ń rà. Bí imọ̀ ọ̀pẹ bá ṣì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí irùngbọ̀n ọba kò sì tíì pa rẹ́, ẹ rà á láìjanpata. Èmi fẹ́ràn irú idẹ bẹ́ẹ̀ ju fàdákà tó ti họ lọ.

Àwọn kan máa ń fi fàdákà bo idẹ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì dá yín lójú, torí kì í fa fàdákà, kì í sì í fa idẹ. Omi ló ń tú àṣírí. Ẹ gbé ife omi lé sikéèlì kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ wá fi òwú so owó náà rọ̀ sínú omi títí tí yóò fi rì tán, láìkan ìsàlẹ̀ ife. Owó ṣílè méjì tó jẹ́ fàdákà yóò fi nǹkan bíi 1.1 gíráàmù kún un. Ti idẹ yóò fi nǹkan bíi 1.3 kún un.

Ẹ sá fún èyí tó ń dán gbinrin. Mo ra ọ̀kan bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo gbé e sóòrùn nílé, ilà tín-ín-tín ló kún ojú ọba, gbogbo rẹ̀ dorí kọ ọ̀nà kan: wọ́n ti fi eérú bó o. Àpá òjé sì wà létí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti so ó mọ́ ẹ̀gbà ọrùn. Dúdú tó wà lára owó àtijọ́, awọ rẹ̀ ni. Ẹ má fọ̀ ọ́ láé.

PCGS àti NGC, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ owó wò ní Amẹ́ríkà, máa ń fi máàkì 1 sí 70 dá owó lójú, wọn a sì dè é mọ́ inú ike. Ike náà ní ayédèrú, ẹ yẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fún ṣílè lásán, owó ìdánilójú lè ju owó ṣílè lọ.

Wọn yóò tún fi kọ́bọ̀ 1936 tó ní ihò láàárín, tí orúkọ Edward Kẹjọ wà lára rẹ̀, hàn yín. Wọn á ní ọba tí kò dé adé ni, pé kò sí irú rẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni pé wọn kò dé e ládé, ṣùgbọ́n wọ́n rọ kọ́bọ̀ yẹn lọ súà; iye tí ẹ máa san lórí kọ́bọ̀ ọdún mìíràn ni kí ẹ san.