Ọdún kan nínú ilé olókùú: àgbéyẹ̀wò mi lórí ìwé ìfẹ́ inú ilé ẹbí tí òkú kò fẹ́ fi sílẹ̀

Láti oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá ni mo ti ń ka irú ìwé ìfẹ́ kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní gothic, èyí tí ìtàn rẹ̀ sábà máa ń dá lórí ilé ńlá àtijọ́ kan, ìdílé tó ni ín, òkú tí kò fẹ́ jáde níbẹ̀, àti ọmọbìnrin kan tí ìfẹ́ yóò dé bá láàárín wọn. Mo ti ka mẹ́tàdínlógún parí, mo sì ti sọ mẹ́rin sílẹ̀ láìparí. Mẹ́fà nínú wọn jẹ́ ìwé àlòkù tí mo rà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó máa ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ ní àdúgbò Under-G, nítòsí yunifásítì LAUTECH. Orí fóònù ni mo ti ka ìyókù. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ẹbí wa ní Ìjẹ̀rù ni mo sì ń gbé, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Kùmásì. Mo mẹ́nu ba ilé náà nítorí pé ibi tí ènìyàn bá jókòó sí ka ìwé wọ̀nyí yóò hàn nínú bí wọ́n ṣe máa rí lára rẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì ka irú rẹ̀ rí lè fọkàn yàwòrán rẹ̀ báyìí. Lọ́yà kan kọ lẹ́tà sí ọmọbìnrin aláìníbàbá, aláìníyàá, pé àbúrò bàbá rẹ̀ kan tí kò fojú rí rí ti kú, ó sì ti fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ọmọ náà di ẹrù, ó wọ ọkọ̀, ó dé ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ òjò (n kò tíì rí ọ̀kan tó dé lọ́sàn-án). Ilé náà wà lórí òkè létí òkun, tàbí ní pápá gbalasa kan tí afẹ́fẹ́ kì í sinmi. Ìyá kan tó ń tọ́jú ilé ṣílẹ̀kùn fún un láìrẹ́rìn-ín. Yàrá kan wà lókè tí a kò gbọdọ̀ ṣí, àwòrán ọkùnrin kan tó ti kú láti igba ọdún sì wà lára ògiri. Nígbà tí a ó bá fi dé orí kẹfà, ọkùnrin inú àwòrán ti ń rìn kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, ó sì rẹwà ju gbogbo ọkùnrin alààyè tó wà ní abúlé lọ.

Ibi lẹ́tà lọ́yà yẹn ni mo ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Nílé tiwa, ẹnì kan kì í dá fi ilé ẹbí sílẹ̀ fún ẹnì kan. Bí bàbá bá kú, ìpàdé ẹbí ni yóò jókòó. Wọn yóò jiyàn bóyá kí wọ́n pín ogún ní ìdí-igi, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba tiwọn lápapọ̀, tàbí ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ti orí rẹ̀. Ilé tí bàbá gbé gan-an yóò sì wà fún gbogbo wọn, títí kan àwọn tó wà ní Jọ́ọ̀sì àti Èkó tí a kì í rí àfi bí ìsìnkú bá wà. Kí ọmọbìnrin kan gba kọ́kọ́rọ́ ilé ńlá lọ́wọ́ lọ́yà láìsí ẹni tí yóò bi í pé ọmọ ìyá ta ni ọ́, ìyẹn gan-an ni ìtàn iwin lójú mi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹ̀rù inú ìwé wọ̀nyí ti ń ṣẹ̀ wá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, àkọ́bí ọkùnrin ló sábà máa ń gba ilé àti ilẹ̀ lódindi, kí dúkìá má baà fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn àbúrò á wá ọ̀nà tiwọn lọ, ilé oníyàrá ogójì á sì ku ènìyàn mẹ́ta. Yàrá mẹ́tàdínlógójì á máa wo ara wọn. Ta ni kò ní gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níbẹ̀?

Ọjọ́ irú ìwé yìí ti pẹ́. Èyí tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́, The Castle of Otranto ti Horace Walpole, jáde ní ọdún 1764. Òǹkọ̀wé náà kọ́kọ́ fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́, ó díbọ́n pé ìwé àtijọ́ kan ni wọ́n túmọ̀ láti èdè Ítálì. Ìgbà tí àwọn ènìyàn tẹ́wọ́ gbà á ni ó tó jẹ́wọ́. Mo gbìyànjú rẹ̀. Akoto ńlá kan já lu ọkọ ìyàwó ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó pa á, gbogbo rẹ̀ sì di ariwo láti ibẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú mẹ́rin tí mo sọ sílẹ̀ nìyẹn. Jane Eyre ti Charlotte Brontë, tó jáde ní 1847, ga jù ú lọ fíìfíì. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lókè ilé lálẹ́ nínú ìwé yẹn kì í ṣe òkú rárá. Ìyàwó onílé ni, tí ọkọ rẹ̀ mú wá láti Jàmáíkà, tó sì tì mọ́lé nígbà tí orí rẹ̀ dàrú. Àwọn ìwé tuntun orí fóònù ṣì ń jẹun lára yàrá yẹn títí dòní, ṣùgbọ́n ẹ̀rín nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mú níbẹ̀. Wọ́n gbàgbé kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ọkọ.

Yàrá títì kò ṣàjèjì sí wa. Bàbá àgbà wa wà lára àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó lọ ṣòwò ní Gánà. Wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a ń gbé yìí, wọ́n tì í pa, wọ́n sì padà sí Kùmásì. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílùú nígbà náà, tí páànù rẹ̀ ń dán, tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí fèrèsé rẹ̀, tí ó jẹ́ pé òjò àti ọyẹ́ nìkan ló ń kí i. Sísá ni àwọn ọmọdé máa ń sá kọjá níwájú wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn onílé bá dé lójijì, tìyàwó tọmọ, èéfín sì ń yọ láti inú ilé tí wọ́n ti ń pè ní ilé iwin. Ìyá Kùmásì wà lára àwọn ọmọ yẹn.

Yàrá kan ṣì wà lókè tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń so mọ́ etí ìró wọn, tí mo sì gbà ní kékeré pé òkú ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìwé kẹta ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí i fún mi. Àwo tánganran ni mo bá níbẹ̀, olódòdó pupa, tí a tò léra dé ìdajì ògiri, tí ìwé ìròyìn Gánà ṣì wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí wọ́n má baà ha ara wọn. Pẹ̀lú àpótí onígi kan, àti ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti dípẹtà. Wọ́n fi ọwọ́ nu eruku ojú àwo òkè pátápátá, wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi yàrá yẹn díwọ̀n ìwé. Òǹkọ̀wé tó bá mọ iṣẹ́ yóò fi ojú ìwé mẹ́ta sọ ohun tó wà nínú àpótí kí òkú tó yọjú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò kàn ní kí ilẹ̀kùn dún.

Nínú gbogbo wọn, Rebecca ti Daphne du Maurier ni mo gbé ga jù. Ó jáde ní 1938, ọdún kan náà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde, mo sì máa ń ronú sí i gan-an. Inú igbó ni iwin ti Fágúnwà wà, ọdẹ ló gbé ìbọn lọ bá wọn níbẹ̀. Ti obìnrin yìí jókòó sílé. Ìyàwó àkọ́kọ́ ti kú, kò sì fara hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, síbẹ̀ ìyàwó kejì kò lè fọwọ́ kan gègé ìkọ̀wé kí ó má rántí ọwọ́ tó ti kọ́kọ́ mú un. A kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ ìyàwó kejì yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin tó bá ti wọ ilé tí ìyàwó kú sílẹ̀ rí kò nílò kí a túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ilé náà jóná, bí ti Jane Eyre náà ṣe jóná. Iná ló máa ń pa ilé wọn. Tiwa, òjò ni, díẹ̀díẹ̀, láti igun tí gbogbo ẹbí ń retí kí ẹlòmíràn tún páànù rẹ̀ ṣe.

Ní ti àwọn tí mo kà lórí fóònù, ẹjọ́ mi pọ̀. Áàpù tí mo lò fi orí mẹ́wàá àkọ́kọ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà ni ríra kọ́ìnì bẹ̀rẹ̀. Orí kọ̀ọ̀kan kò ju ojú ìwé mẹ́rin lọ, ilẹ̀kùn ni yóò sì dún ní òpin rẹ̀. Mo sanwó kí n lè mọ ẹni tó kanlẹ̀kùn, ológbò ni. Mo tún san, afẹ́fẹ́ ni. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, mo ti ná ₦11,400 sórí ìwé kan tí n kò ní gbà ní ₦1,500 lọ́wọ́ ọmọkùnrin Under-G. Wọ́n tún yọ ₦3,000 lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí wọn, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn, owó kò sì padà.

Èyí tó tún dùn mí ju owó lọ ni irú ọkùnrin tí wọ́n fi ń tan àwọn ọmọbìnrin jẹ. Ó ń lejú, ó ń jágbe, ó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́, òǹkọ̀wé sì ní ìfẹ́ ló ń gbóná lára rẹ̀. Ìfẹ́ láàárín òkú àti alààyè náà kò yé wọn dáadáa. Ní orí tó kẹ́yìn, òkú á ṣàdédé gba ara tuntun, tàbí kí ó hàn pé kò kú tẹ́lẹ̀. Àwa tí a mọ ìtàn àkúdàáyà mọ̀ pé ó lè jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọkùnrin kú ní ìlú kan, ó lọ fẹ́yàwó ní ìlú mìíràn, ó bímọ, ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́, títí ará ilé rẹ̀ kan yóò fi rí i lọ́jà tí yóò sì pe orúkọ rẹ̀. Obìnrin tó dáná alẹ́ sílẹ̀ de ọkọ lọ́jọ́ náà ni ìbá wù mí kí ẹnì kan kọ ìwé nípa rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, mo ka ibì kan nínú Wuthering Heights ti Emily Brontë, àbúrò Charlotte, fún Ìyá Kùmásì, mo ń túmọ̀ bí mo ṣe ń kà á. Pálọ̀ ni a jókòó sí, níbi tí sàréè bàbá àgbà wa wà lábẹ́ táìsì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ tutù, orí rẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń tẹ́ní sí nígbà ooru. Mo dé ibi tí obìnrin tó ti kú, Catherine, ti ń fi ohùn ọmọdé bẹ̀bẹ̀ lójú fèrèsé pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé, pé ó ti di ogún ọdún tí òun ti ń rìn kiri, tí ọkùnrin tó wà nínú yàrá sì fi ọrùn ọwọ́ rẹ̀ gún gíláàsì tó fọ́.

Ìyá Kùmásì ní, "Àjọkẹ́, níbo ni wọ́n sin ín sí?"

Mo ní, "Igun kan ní itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì ni, Màmá, létí pápá. Wọn kò sin ín pẹ̀lú ẹbí ọkọ, wọn kò sì sin ín pẹ̀lú ẹbí tirẹ̀."

"Hẹn-ẹn. Wọ́n sin ọmọ síta tán, wọ́n wá ń bi í pé kí ló ń wá lójú fèrèsé."

N kò lè bẹ̀rù ìwé wọ̀nyí mọ́ láti alẹ́ ọjọ́ yẹn. Àánú ni òkú inú wọn ń ṣe mí, mo sì ń wá ibi sàréè wọn káàkiri ojú ìwé. Bí ó bá jẹ́ nítorí ẹ̀rù ni ẹ ṣe fẹ́ rà wọ́n, tí ẹ sì dàgbà sínú irú ilé tiwa, owó yín lè ṣòfò. Mo fún àwọn ìwé àtijọ́ ní mẹ́rin nínú márùn-ún, mo fún ti áàpù ní méjì. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ti àtijọ́ le díẹ̀: ọ̀rọ̀ Joseph, ìránṣẹ́ inú Wuthering Heights, ni mo ń fò kọjá, nítorí ẹ̀ka èdè Yorkshire ló ń sọ. Ṣùgbọ́n àwọn ilé náà kò nira láti mọ̀ bí ènìyàn bá ti gbọ́ pé attic tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ kò ju àjà tí a ń kó àgbàdo sí lọ.

Ìwé kejìdínlógún ni èmi àti Ìyá Kùmásì wà báyìí, orí kejìlá. Ọmọbìnrin náà ti mú àbẹ́là, ó sì ń dá gun àtẹ̀gùn lọ bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní kí n dúró níbẹ̀ ná, kí àwọn lọ ti ilé ewúrẹ́.