Ìpàtẹ bàbá oníwèé ìròyìn kan l'Óṣòdì, ẹ lọ rà lọ́wọ́ ẹ̀

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn àtimáa ka ìròyìn láàárín èrò, bàbá kan wà l'Óṣòdì tó ń ta ìwé ìròyìn, ẹ lọ síbẹ̀. Ti Yorùbá wà, ti Gẹ̀ẹ́sì wà, ẹni tówó ẹ̀ ò bá ká odindi á fún un ní nǹkan díẹ̀ á kà á lórí ìdúró. Ìyẹn ò tuntun. Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí ni bí bàbá yẹn ṣe máa ń ṣe tí ìròyìn ìpànìyàn bá jáde.

Ẹ rántí ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 tó ń ránṣọ, tó wọ BRT, bọ́ọ̀sì ńlá tó ń kó èrò l'Ékòó, ní Chevron ní Lẹ́kí lọ́jọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2022, Òṣòdì níbí ló ń bọ̀, tó ń fohùn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ látinú mọ́tò pé ọkàn òun ò balẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí òkú ẹ̀ lóṣù kẹta, èrò ìpàtẹ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ọ̀nà. Ọkùnrin kan ní kí ló ń wá lóru, bàbá ní aago méje alẹ́ kì í ṣòru o, ibi iṣẹ́ lọmọ ọlọ́mọ ti ń bọ̀. Ẹlòmíì ní wọ́n ti fi ṣowó, bàbá ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí han òun, kò rí nǹkan kan fi hàn. Ìwé tí wọ́n bá tẹ fọ́tò òkú sí lójú, á fi òmíì bò ó, torí àwọn ọmọ iléèwé máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń rajà níbẹ̀ ní àwọn ò wọ BRT mọ́ tílẹ̀ bá ti ṣú, àwọn míì bẹ̀rẹ̀ sí í ya nọ́ńbà mọ́tò ránṣẹ́ sílé kí wọ́n tó wọlé, èmi náà ṣì ń ṣe é.

Ohun tí mi ò fẹ́ ni pé bàbá gba àwọn ọmọkùnrin kan láyè láti máa gbé ohùn ọmọ yẹn sáfẹ́fẹ́ lórí fóònù ní gbogbo ìgbà, ohùn ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tí ìyá ẹ̀ lè gbọ́, wọ́n wá sọ ọ́ di orin! Ó yẹ kó lé wọn. Àwọn ọkùnrin tún máa ń dí iwájú ìpàtẹ, obìnrin ò ní ríbi dúró.

Àmọ́ bàbá ò jẹ́ kọ́rọ̀ náà kú. Bí wọ́n bá ti jókòó ní kọ́ọ̀tù, á ya ìwé tó gbé e sọ́tọ̀ fẹ́ni tó bá bèèrè. Lọ́jọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún 2025 tí ilé ẹjọ́ gíga Èkó ní kí wọ́n yẹgi fún dráífà BRT tó pa ọmọ náà, èrò ọjọ́sí ò sí níbẹ̀ mọ́, àwa díẹ̀ la kà á tán, ó sì dùn mí gan-an torí àwọn tó pariwo jù ni wọn ò dúró gbọ́ ìdájọ́.

Ẹ tètè lọ láàárọ̀, ti Yorùbá máa ń tán kíá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rà á o, ẹ má kàn kà á kẹ́ ẹ máa lọ.